Ìgbà Wo Nínú Ọdún Ló Sàn Jù Láti Gòkè Jọ́ọ̀sì?

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹ̀ka sọ ní ìpàdé gbogbogbòò ti Ẹ̀ka Láfíà

  

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ní kí a wá sọ lónìí kò gùn, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo wa. Ẹ mọ̀ pé lọ́dọọdún, láàárín Kérésìmesì àti ọdún tuntun, ni ẹ̀ka wa máa ń háyà mọ́tò, tí a ń kó àwọn àgbà wa àti àwọn òbí tó wá láti ilé lọ sí òkè Jọ́ọ̀sì, kí wọ́n lè kí àwọn ọmọ àti ìbátan wọn tó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì fi ojú ara wọn rí ilẹ̀ òkè náà. Àṣà tó dára ni. Títí di ọdún 1996 tí a dá Ìpínlẹ̀ Násáráwá sílẹ̀, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Plateau kan náà ni àwa àti wọn wà. Díẹ̀ ni ilé Yorùbá ní Láfíà tí kò ní ẹbí ní Jọ́ọ̀sì tàbí ní Bùkúrù. A kò dìde láti fọ́ àṣà náà. Ohun tí a fẹ́ bi yín ni pé, ṣé ìgbà tó yẹ ni a ń lọ?

Ìdí wà tí a fi ń bèèrè. Ní oṣù Dìsẹ́ńbà tó kọjá, ìyá kan nínú àwọn tó bá wa lọ kò fojú kan oorun ní òru méjì tó lò lókè. Àyà ń fún un, ikọ́ kò jẹ́ kó lè dùbúlẹ̀. Nínú ìrìn-àjò kan náà, ọmọkùnrin kan tó ní àrùn tí àwọn baba wa ń pè ní fòníkú-fọ̀la-dìde lo ọjọ́ mẹ́ta ní ọsibítù nítorí pé òtútù wọ inú egungun rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti gbádùn, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí àánú bá yọ ni lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe pé kí a tún padà lọ dán an wò.

Ìwé mẹ́fà ni àwa tí ẹ fi ṣe akọ̀wé kà, ọjà ni a sì ti kọ́ èyí tó kù. Ọ̀dùnkún òyìnbó, tí àwọn ará ọjà ń pè ní Áírìṣì, ni a máa ń gòkè lọ rà. A ti gun òkè náà nínú òjò, a ti gùn ún nínú ọyẹ́, a ti gùn ún nígbà tí kò sí òjò tí kò sí ọyẹ́. Ohun tí a rí, àti ohun tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn tó mọ̀ jù wá lọ, ni a ó sọ.

IRÚ ILẸ̀ TÍ Ó JẸ́

Ẹ̀yin tí ẹ kò tí ì débẹ̀, ẹ má ṣe rò pé òkè kan ṣoṣo ni Jọ́ọ̀sì bí Olúmọ ti rí ní Abẹ́òkúta. Ilẹ̀ gbalasa ni, tí ó ga sókè bí orí tábìlì, tí àpáta àti òkè mìíràn sì tún to ara wọn sórí tábìlì náà. Ibi púpọ̀ níbẹ̀ fi nǹkan bí 1,200 mítà ga ju òkun lọ. Góńgó òkè Ṣéré, ní ìhà ìlà-oòrùn ìlú Jọ́ọ̀sì, tó 1,829 mítà. Ìlú tiwa wà nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, kí ọkọ̀ wa tó dé ọ̀dọ̀ wọn, yóò ti gbé wa gòkè tó nǹkan bí 900 mítà.

Gíga yìí ni ìdí gbogbo ọ̀rọ̀. Àwọn tó mọ ìṣe afẹ́fẹ́ sọ pé bí ènìyàn bá gòkè tó 1,000 mítà, afẹ́fẹ́ yóò fi nǹkan bí ìwọ̀n 6 ti Sẹ́ńtígíréèdì tutù ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Èyí ni pé ní òwúrọ̀ tí a bá ń fi aṣọ kan bora ní Láfíà, ẹni tó wà ní Jọ́ọ̀sì ti ń wá kúbùsù kejì. Ènìyàn lè kúrò nílé nínú oòrùn pẹ̀lú ẹ̀wù àdìrẹ kan lọ́rùn, kí ó sì dé ọ̀hún ní ìrọ̀lẹ́ kí eyín rẹ̀ máa gbá ara wọn.

Gíga yìí náà ni ó ń fa òjò. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ojú òkun bọ̀ wá máa ń ru omi lọ́wọ́. Nígbà tó bá kọlu etí òkè, kò rí ibi gbà ju kí ó gòkè lọ. Bí ó ti ń gòkè ni ó ń tutù, bí ó sì ti ń tutù ni ó ń sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyí tí òjò fi máa ń pọ̀ ní ìhà tí a ń gbà gòkè láti Àkwáńgà, níbi tí omi Assop ti ń ya lulẹ̀ láti orí àpáta. Omi orí òkè náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí odò ńlá mẹ́ta fi ṣẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n sì kọjú sí ọ̀nà mẹ́ta: Odò Kàdúná ń lọ bá Odò Ọya, Odò Gọ̀ngọ́là ń lọ bá Odò Bẹ́núè, Odò Délímì tó gba inú ìlú Jọ́ọ̀sì kọjá ń dorí kọ ìhà adágún Ṣáàdì.

ÌGBÀ MẸ́RIN TÍ ÀWỌN ONÍLẸ̀ MỌ̀

Nílé wa, bí a bá ti sọ pé òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn, tí a sì fi ọyẹ́ sí i, ọ̀rọ̀ ti parí. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé níhìn-ín pín in sí mẹ́rin. Damina ni ìgbà òjò. Kaka ni ìgbà ìkórè, tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Hunturu ni ìgbà ọyẹ́ àti òtútù. Bazara ni ìgbà ooru tó ṣáájú òjò tuntun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí sọ́kàn. Nítorí pé àwa kò ní orúkọ fún kaka ni a kò fi kà á sí, a sì ń fò ó lọ́dọọdún. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkínní ni damina. Ní Jọ́ọ̀sì, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Éépríìlì títí di oṣù Ọ́kítóbà. Omi tó ń rọ̀ láàárín ọdún kan máa ń tó nǹkan bí 1,400 mìlímítà. Ẹ gbọ́ o, ibí yìí ni àwọn ará ilé wa ti máa ń ṣi ìṣirò. Ní Ìbàdàn, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Abẹ́òkúta, òjò máa ń sinmi díẹ̀ ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì kí ó tó padà wá ní Sẹ̀tẹ́ńbà. Nítorí náà, àwọn ará ilé máa ń rò pé Ọ́gọ́ọ̀sì ni ó dára láti wá kí wa lókè, pàápàá nígbà tí àwọn ọmọ ti gba ìsinmi gígùn. Òkè Jọ́ọ̀sì kò mọ irú ìsinmi bẹ́ẹ̀. Júláì àti Ọ́gọ́ọ̀sì gan-an ni òjò ibẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Ẹni tó bá fi òjò ilé ṣírò òjò òkè yóò sùn nínú omi.

Ohun kejì tó ń fa àwa oníṣòwò gòkè ní àkókò náà ni Áírìṣì. Èyí tí wọ́n bá gbìn sínú òjò Éépríìlì ni wọ́n ń wú ní Júláì àti Ọ́gọ́ọ̀sì, owó rẹ̀ a sì wálẹ̀. Ó tọ́ kí oníṣòwò lọ, ajé kì í dúró de ojú ọjọ́. Ṣùgbọ́n kí oníṣòwò má fi ojú ọjà wo ojú àlejò. Ẹni tó ń lọ ra ẹrù yóò ra ẹrù rẹ̀, yóò sì padà. Ẹni tó mú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè nínú òjò. Ibi tí mọ́tò ti ń gòkè láti Àkwáńgà ni a ń pè ní Hawan Kíbò; “hawa” ní èdè Hausa ni gígun òkè. Ìkùukù a bo ibẹ̀ nígbà mìíràn tó bẹ́ẹ̀ tí dẹ́rẹ́bà kò fi ní rí ìdí ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀. Ọ̀nà a máa yọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ru ẹrù jù a máa sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú bíréèkì tó ti gbóná. Ní Assop, àpáta tí àwọn ọmọ fẹ́ dúró lé láti ya fọ́tò ti di ọ̀bọ̀rọ́, omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Àrá a máa sán sórí òkè Ṣéré, kò sì yẹ kí ènìyàn wà lórí àpáta gbalaja nígbà náà. Yìnyín pàápàá a máa bọ́ nígbà mìíràn, nítorí gíga ilẹ̀ náà. Ní àyíká Bùkúrù àti Barkin Ládì, kòtò àtijọ́ tí wọ́n ti wa tánńganran ti kún fún omi. Ojú rẹ̀ dà bí adágún tó dákẹ́, ṣùgbọ́n ó jìn, etí rẹ̀ a sì máa ya. Ẹ kì í jẹ́ kí ọmọ àlejò súnmọ́ ọn. Òtítọ́ ni pé ilẹ̀ kì í tutù lójú tó ìgbà náà, ṣùgbọ́n ẹwà tí a kò lè jáde lọ wò, kí ni a fẹ́ fi í ṣe?

Èkejì ni kaka, èyí tí a fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù. Nígbà tí Ọ́kítóbà bá ń parí lọ, òjò a dá. Láti ìgbà náà títí tó fi di nǹkan bí àárín Nòfẹ́ńbà, òkè Jọ́ọ̀sì a dùn ún wò. Òjò ti fọ afẹ́fẹ́ mọ́, eruku ọyẹ́ kò sì tí ì dé, nítorí náà ojú a máa ríran jìnnà. Láti etí òkè, ènìyàn lè wo pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí àwa ń gbé bí ẹni wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Omi Assop ṣì ń ya lulẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n pípọ́n rẹ̀ ti ń lọ. Koríko kò tí ì gbẹ. Àwọn àgbẹ̀ ń kórè àcà, oko wọn pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Òru tutù, ṣùgbọ́n kúbùsù kan àti súẹ́tà kan tó fún àgbàlagbà. Ọ̀nà ti gbẹ. Èrò ọdún kò tí ì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lọ rọ́ bọ̀, nítorí náà owó mọ́tò kò tí ì fò sókè.

Nígbà náà ni ó dára láti mú àgbà lọ sí ilé-ìṣúra ohun àtijọ́ tó wà ní Jọ́ọ̀sì, èyí tí a ṣí ní ọdún 1952. Ère amọ̀ àwọn ará Nok wà níbẹ̀, a sì ti kọ́ oríṣiríṣi ilé ìbílẹ̀ Nàìjíríà sí àgbàlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìta gbangba ni ènìyàn ti ń rìn wò wọ́n, ojú ọjọ́ sì gbọ́dọ̀ gba ni láyè. Nígbà náà náà ni ó dára láti wo àpáta Ríyọ̀m, tí òkúta rẹ̀ gun ara wọn lórí bí ẹni fi ọwọ́ tò wọ́n, lẹ́bàá ọ̀nà tí a ń gbà kọjá.

Ẹ̀kẹta ni hunturu, ọyẹ́. Láti àárín Nòfẹ́ńbà títí di ìparí Jánúárì, òtútù òru ní Jọ́ọ̀sì lè wálẹ̀ dé ìwọ̀n 11 ti Sẹ́ńtígíréèdì. Afẹ́fẹ́ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ kò ru omi, eruku ni ó ń rù. Ètè a máa sán, imú a máa gbẹ, ojú a máa ta ni. Ẹni tó ní ikọ́ fée, eruku yìí ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀la-dìde, òtútù àti àìmu omi tó ni wọ́n ń jí i dìde, nítorí pé ẹni tí òtútù ń mú kì í rántí mu omi, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fa omi ara rẹ̀ lọ. Eruku náà tún ń bo ojú òkè. Àwọn kan tí a mú lọ wo Ṣéré ní ìparí Dìsẹ́ńbà kò rí ju funfun báláú lọ.

Ohun kan tún wà tó burú ju òtútù fúnra rẹ̀ lọ. Ó jẹ́ iná èédú tí àwọn ènìyàn ń gbé wọ inú yàrá sùn. Bí fèrèsé àti ilẹ̀kùn bá tì, èédú tó ń jó ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde, tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì rí. Ẹni tó ti sùn kò ní mọ̀ pé ó ń mí i símú. Ó ti pa agbo ilé kan tán láàárín òru kan ní oríṣiríṣi ibi tí òtútù wà. Àlejò tó ti ibi gbígbóná wá, tí kò mọ òtútù rí, ni ó sì máa ń kọ́kọ́ bèèrè fún iná.

Ẹ̀kẹrin ni bazara, láti nǹkan bí ìparí Fẹ́búárì títí òjò yóò fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ooru bá ń lé wa jáde nínú yàrá ní Láfíà, ara a máa tù wọ́n lókè. Èyí ni ìgbà tó tẹ̀ lé kaka nínú dídára. Ṣùgbọ́n odò ti fà, omi Assop ti rẹ̀yìn, koríko ti gbẹ tàbí kí iná ti jó o, eruku sì lè wà lójú ọ̀run. Ìgbà náà ni yírùnyírùn máa ń jà jù ní ilẹ̀ Òkè Ọya, nítorí náà kí ẹni tó bá fẹ́ rìn bèèrè nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ní ọsibítù. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá sì dé, ìjì ni ó máa ń ṣáájú rẹ̀.

OHUN TÍ A Ń BÈÈRÈ LỌ́WỌ́ ÌPÀDÉ

Nítorí náà, àbá wa ni pé kí ẹ̀ka yìí gbé ìrìn-àjò àwọn àgbà kúrò ní ìparí Dìsẹ́ńbà, kí a fi í sí ọ̀sẹ̀ kìíní tàbí ìkejì nínú oṣù Nòfẹ́ńbà. A mọ̀ pé àwọn kan ti ń mi orí. Ẹ jẹ́ kí a dáhùn kí ẹ tó bèèrè.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn ọmọ wà nílé-ìwé ní Nòfẹ́ńbà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni a dá ìrìn-àjò yìí sílẹ̀ fún? Àwọn àgbà ni. Kí àwọn àgbà lọ ní kaka, kí àwọn ọmọ lọ ní ìsinmi Àjíǹde, nígbà bazara. Ọdún Àjíǹde kì í ṣáájú ọjọ́ 22 oṣù Máàṣì, kì í sì í kọjá ọjọ́ 25 oṣù Éépríìlì, nítorí náà kì í jìnnà sí ìgbà tí a ń wí. Ọmọ tí ara rẹ̀ le yóò gbádùn rẹ̀ púpọ̀. Ọkọ̀ méjì kéékèèké ní ìgbà méjì kò ní wọ́n ju ọkọ̀ ńlá kan ní ìgbà ọdún lọ, nítorí ẹ̀yin náà mọ bí owó mọ́tò ti ń rí ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yóò sọ pé àwọn kò ní ìsinmi ní Nòfẹ́ńbà. Ọjọ́ Jímọ̀ ni a lè gbéra, kí a padà ní ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ iṣẹ́ kan péré ni ó kàn, ẹni tó bá sì kọ̀wé bèèrè rẹ̀ láti oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà lè rí i gbà. Ní ti àwa ọlọ́jà, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Ẹni tó ti ìsọ̀ rẹ̀ ní ìparí Dìsẹ́ńbà ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ owó ọdún síta. Nòfẹ́ńbà kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé inú ọdún ni ẹbí ti ń dùn. Àwa náà fẹ́ràn ọdún. Ṣùgbọ́n gbogbo wa kọ́ ni onígbàgbọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ́ mùsùlùmí, oṣù lílé ni wọ́n sì fi ń ka ọdún tiwọn. Iléyá máa ń fi ọjọ́ 10 tàbí 11 yára lọ́dọọdún. Ní 2025, ọjọ́ 6 oṣù Júùnù ni ó bọ́ sí, nínú òjò. Bí a bá ní ọdún nìkan ni a ó máa fi ṣe ìbẹ̀wò, ọdún kan yóò mú wa wọ ọyẹ́, èkejì yóò mú wa wọ òjò. Ìbẹ̀wò ní kaka kò ṣe ojúsàájú ẹ̀sìn kankan, gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò lè jọ lọ.

BÍ A Ó TI MỌ ỌJỌ́ NÁÀ

Kàlẹ́ńdà nìkan kò tó. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ní ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Ọdún kan òjò lè pẹ́, ọdún mìíràn ó lè yá. Nítorí náà, àmì mẹ́ta ni a ó máa bèèrè lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wa tó wà lókè kí a tó san owó mọ́tò tán. Èkínní, ṣé ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí òjò ńlá ti rọ̀ gbẹ̀yìn? Èkejì, ṣé omi Assop ti ń mọ́, àbí ó ṣì pọ́n? Ẹ̀kẹta, ṣé òkè Ṣéré hàn kedere ní òwúrọ̀ láti inú ìlú? Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dára, kí a lọ. Bí kò bá dára, kí a sún un síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Kí a tún bèèrè ohun kẹrin, tí kò kan ojú ọjọ́: báwo ni ìlú àti ọ̀nà ti rí? Gbogbo wa ni a rántí wàhálà Jọ́ọ̀sì ní 2001, ní 2008 àti ní 2010, àwọn ìlú kan lórí òkè náà sì ti rí ìyọnu lẹ́yìn náà. Ìgbà tó dára nínú ọdún kò sọ pé ọjọ́ náà dára. Bí àwọn ará wa lókè bá ní kí a dúró, kí a dúró. Kí a má rìn lóru rárá, ìbáà ṣe ní kaka. Kí a gbéra ní kùtùkùtù òwúrọ̀, kí a gun Hawan Kíbò nígbà tí ojú ṣì mọ́ dáadáa, kí dẹ́rẹ́bà sì yẹ bíréèkì àti táyà rẹ̀ wò ní Àkwáńgà kí ó tó gòkè.

Bí ó bá wá di dandan fún ẹnì kan láti lọ nínú ọyẹ́, bóyá nítorí ìnáwó tàbí ìsìnkú, a kò lè dá a dúró. Kí ó mú kúbùsù méjì, súẹ́tà, ìbọ̀sẹ̀ àti fìlà onírun. Kí ó fi òrí pa ètè àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ó máa mu omi tàbí ẹ̀kọ mímu gbígbóná bí òùngbẹ kò tilẹ̀ gbẹ ẹ́. Kí ẹni tó ń lo oògùn má gbàgbé rẹ̀ sílé. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbé iná èédú wọ inú yàrá tó tì. Aṣọ ni kí a fi lé òtútù.

Ẹ̀yin ará wa, àwọn òbí tí a ń mú gòkè yìí, wọ́n ti fi ẹsẹ̀ rìn, wọ́n ti fi ẹ̀yìn pọ̀n wá, kí a tó di ẹni tó ń háyà mọ́tò fún wọn. Òmíràn nínú wọn kò ní lè gun òkè náà lẹ́ẹ̀kejì mọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìyá ẹni yóò rí Jọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí ó rí i ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́, kí ó jókòó síta pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, kí ó má jẹ́ pé inú kúbùsù ni yóò ti máa gbọ́ ìròyìn ibi tó wá wò.

Àbá náà nìyí lórí tábìlì Alága: àwọn àgbà ní Nòfẹ́ńbà, àwọn ọmọ ní ìsinmi Àjíǹde. A bẹ̀ yín kí ẹ gbé e yẹ̀ wò, kí ẹ bá ara yín sọ ọ́ nílé, kí a sì dìbò lé e lórí ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, kí àyè lè wà láti kọ̀wé sí àwọn ará wa lókè àti àwọn ará ilé.

 Àlọ wa á jẹ́ ti ire, àbọ̀ wa á jẹ́ ti ayọ̀.